Olóògbé Sylvanus Láníyì Ọmọ́lẹ́yẹ (1902–1958), Ẹni Tí Ó Tún Àfonífojì Òkelúsé Ṣe

Ọdún 1902 ni àwọn àgbà ilé ṣírò pé a bí bàbá wa, Sylvanus Láníyì Ọmọ́lẹ́yẹ, ní Ìdásẹn lágbègbè Ọ̀wọ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wọn, Pa Ọmọ́lẹ́yẹ; ọmọ Ìjàgbà ni ìyá wọn, Yétúndé. Nínú ọmọ mẹ́fà tí ìyá náà bí, bàbá wa nìkan ló yè.

Ní 1911 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀. Pa Ọmọ́lẹ́yẹ kò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìwé kì í kọ ebè. Níbẹ̀ ni bàbá wa ti ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì gba orúkọ Sylvanus. Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní 1919. Ìgbàgbọ́ wọn le koko láti ìgbà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í jẹ ẹran tí wọn kò bá mọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ pa á, kí ó má baà jẹ́ ẹran ẹbọ.

Iṣẹ́ ọ̀nà lílà fún ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní 1927 wọ́n gbé ìyá wa, Theresa, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Títí di òní ni Ìyá ń sọ ọ́ pé ọkùnrin tó ń la ọ̀nà fún ìjọba ṣìnà lọ sílé àna lọ́jọ́ ìtọrọ. Ní 1935 wọ́n gba Enugu lọ, wọ́n sì lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí ìwakùsà èédú ilẹ̀.

Ní 1951, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan rí èédú tí kò jìn sílẹ̀ lẹ́bàá Òkelúsé. Wọ́n fi bàbá wa ṣe olórí àwọn lébìrà tó ń kó iyẹ̀pẹ̀. Kí ọwọ́ tó tẹ èédú, a ó hú ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò ná, ilẹ̀ tí a bá sì hú máa ń wú ni. Bí a bá dá a padà sínú ihò, òkìtì ńlá yóò ṣẹ́kù tí kò ní ibùgbé. Bàbá wa ló ń wá ibùgbé fún un.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí, ẹbí ìbá fẹ́ fi bò. Ṣùgbọ́n Bàbá pàṣẹ lórí àìsàn pé a gbọ́dọ̀ kà á síta níbi òkú àwọn, àṣẹ bàbá ẹni kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nínú ọyẹ́ ọdún 1953, Bàbá yan àfonífojì kan tó gbẹ táútáú láti da iyẹ̀pẹ̀ náà sí. Àwọn àgbà obìnrin Òkelúsé, tí Ìyá Ìbílọlá ṣáájú wọn, wá bá wọn. Wọ́n ní odò ń bẹ lábẹ́ ibẹ̀, pé ó ń sùn ni, àti pé ẹni tó ni ín kò fẹ́ kí a bo òun lójú. Bí Bàbá ti gbọ́ pé odò ní ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ òrìṣà ni wọ́n kà á sí. Wọ́n fa ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà yọ, wọ́n sì ní kí katapílà máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ omi lásán ni àwọn obìnrin náà ń bá wọn sọ, ní èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ omi.

Ní oṣù Keje, òjò ọjọ́ méjì jí odò náà. Òkìtì ya lulẹ̀ sórí oko Kàsúmù, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń dáko níbẹ̀. Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó rẹ̀, ń ká ilá lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó hú òkú rẹ̀ jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Kàsúmù, ẹni tí wọ́n tó bí lọ́mọ. Kàsúmù kò ṣépè. Ó ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òun bá tún tẹ ilẹ̀ yẹn, kí Bàbá mọ̀ pé òun ti dárí jì wọ́n.

Ilé-iṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ ní 1955. Bàbá kò lọ. Àwọn àti lébìrà mẹ́rin to òkúta ńláńlá sísàlẹ̀ àfonífojì kí omi lè rọ́nà kọjá. Wọ́n gé òkìtì náà ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, wọ́n ru ilẹ̀ dúdú bò ó, wọ́n sì gbin òtílí kí ilẹ̀ náà lè sanra. Ọdún méjì àtààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Òjò 1957 rọ̀, odò ṣàn, òkìtì kò mì. Ṣùgbọ́n Kàsúmù kò débẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1958 ni ikọ́ dá wọn dùbúlẹ̀ ní Ìdásẹn. Gbogbo ẹni tó bá ti Òkelúsé wá kí wọn ni wọ́n ń bi léèrè bóyá Kàsúmù ti wọ ilẹ̀ náà. Gbogbo wọn ní rárá. Agatha, àkọ́bí wọn tó ń tọ́jú wọn, ní bí wọ́n bá ti gbọ́ rárá, wọn kì í lè mu ẹ̀kọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, wọ́n bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì dákẹ́.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Theresa, aya wọn; Agatha, Christopher, Tòkunbọ̀ àti Ọmọ́lẹ́yẹ, ọmọ wọn; pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ kẹta ikú wọn, Kàsúmù fúnra rẹ̀ gbé iṣu márùn-ún wá sílé wa. Láti oṣù Kẹta ló ti kọ ebè sórí ilẹ̀ náà. Òun ló bẹ gbogbo ará Òkelúsé pé kí wọ́n má sọ, nítorí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣu rẹ̀ wá fún Bàbá. Ó ní òun ń dúró kí ó gbó dáadáa ni. Lẹ́yìn èyí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá wa, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Láníyì, ọmọ Ọmọ́lẹ́yẹ, Kàsúmù ti wọ ilẹ̀ náà o. Ẹ sinmi. Kí Olúwa tẹ́ yín sí ibi tó tutù, kí ilẹ̀ tí ẹ tún ṣe ṣàánú yín. Ó dìgbóṣe.