Ohùn Olùkọ́ Nínú Fíláàṣì Tó Kán

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní, iná fíláàṣì kọ̀ǹpútà tó kán ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tàn, kọ̀ǹpútà sì dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tún ìwé ìhágún mi kọ. Èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ti di òtúbáńtẹ́.

Èmi tí ìfọwọ́sí mi wà nísàlẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníredíò, ni mo kọ ọ́. Ọpọlọ mi pé. Ọwọ́ mi nìkan ló ń gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Àkọ́bí mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni kó mú un ṣẹ.

1. Ilé wa, yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, di ti ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Olùkọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kí àìsàn ọ̀fun tó gba ohùn rẹ̀. Ìwé àjákọ ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò sì dín kù.

2. Fíláàṣì náà di ti Olùkọ́ bákan náà. Ẹ̀kọ́ mẹ́tàdínlógún tó fi ẹnu ara rẹ̀ kà sílẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe kán. Ó wà lára kọ̀ǹpútà nígbà tí Olùkọ́ ń gbálẹ̀. Orúnkún rẹ̀ gbá a, ẹnu fíláàṣì sì ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Kò fẹ́ kí n mọ̀, ló bá fi gúlù lẹ̀ ẹ́ padà, dáadáa, bí ẹni lẹ ìwé tó ya. Gúlù náà sì bo gbogbo ojú ibi tí iná ń gbà kọjá. Nígbà tí mo rí i, mo pariwo títí. Mo pariwo mọ́ ẹni tí kò lè dá mi lóhùn. Nígbà tí mo dákẹ́, ó na ìwé àjákọ sí mi: “Ṣé ẹ ti pariwo tán? Oúnjẹ ti ń tutù o.”

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìbínú. Olùkọ́, ẹ̀bi mi ni, jọ̀wọ́ dárí jì mí. Mi ò tíì sọ ọ́ rí. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kó lè dúró níwájú òfin.

3. Irin tí mo fi ń jó òjé àti gbogbo irinṣẹ́ mi di ti ọmọ mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Òun ló ní kí n ju fíláàṣì náà nù, pé òun á ra mẹ́wàá irú rẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Omi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń nu ọ̀dà èékánná ni mo fi yọ́ gúlù náà, mo sì fi abẹ́rẹ́ ha ìyókù rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó wá ku wáyà mẹ́rin, tín-ín-rín bí irun, tí mo yọ nínú okùn ṣájà àtijọ́, láti jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi kọ̀. Ọmọ yìí jókòó tì mí, ó di ọrùn-ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bàbá, ẹ máa ṣe é lọ, mo ti dì yín mú.” Kò mọ wáyà yàtọ̀ sí okùn aṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

4. Ológbò di ti télọ̀ tó múlé tì wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kúkú ń sùn. Níwọ̀n bí télọ̀ náà ti ní ìpín, kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Kó má bínú.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Bàbá Oníredíò

Ẹlẹ́rìí kìíní: ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì ní ìkángun títì wa
Ẹlẹ́rìí kejì: káfíńtà tó kan tábìlì iṣẹ́ mi

Àfikún, aago méjì ọ̀sán: A ń kó àwọn ẹ̀kọ́ náà sínú kọ̀ǹpútà. Wáyà ń já, a sì ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ó ku mẹ́ta. Olùkọ́ fi ìka méjì di wáyà náà mú, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ náà nìkan la ń rí. Bóyá ohùn wà nínú wọn, a kò tíì mọ̀.