Ẹ Má Dá A Dúró

                                        Ojúlé kẹrìnlá, yàrá ẹ̀yìn,
                                        Lókè ilé ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá, oṣù keje.

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Màmá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fún wọn nísinmi díẹ̀? Àbúrò rẹ tó máa ń jẹ pẹ́ńsùlù ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ ẹ́, àbí ó ti kan yíǹkì? Gbogbo wa níbí wà láàyè. Mo mọ̀ pé ò ń bínú sí mi torí mi ò kọ̀wé láti oṣù kan ààbọ̀. Máa bínú lọ, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n tó o bá ka èyí tán, wàá rẹ́rìn-ín, wàá bú mi, wàá sì tún rẹ́rìn-ín.

Mo ti rí yàrá! Mo ń lọ sílé-ìwé gíga lóṣù kẹsàn-án, èmi tí tíṣà wa sọ pé orí mi dà bí ìkòkò tó ń jò. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún odidi ọdún kan tí mò ń ká aṣọ nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo fẹ́ lọ kọ́. Má rẹ́rìn-ín síbẹ̀ o. Ibi tí ẹ̀rín wà ń bọ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń tì mí lójú. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà ilé-ìwé ti dé, abẹ́ fóòmù ni mo fi í pa mọ́ sí. Ìdí ni pé ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ lojú mi kọ́kọ́ bọ́ sí, mo sì rí iye kan níbẹ̀ tó ju owó oṣù màmá mi lọ́nà mẹ́rìnlá lọ. Mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún títí ẹni tó fẹ́ wẹ̀ fi ń gbá ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ náà pé, “Ó ti parí. Ṣe ni wọ́n mú mi kí wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé. Màmá mi rò pé ọkùnrin kan ló já mi kulẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ ta ni? Sáà fi ilé wọn hàn mí, kí n lọ bá ìyá ẹ̀.”

Ọjọ́ karùn-ún ni mo tó ṣí ojú ìwé kejì. Ìkejì mi, tí lẹ́tà tìẹ bá dé, má sunkún kó o tó dé ojú ìwé kejì o! Iye ńlá ọjọ́ yẹn kì í ṣe owó tí ilé-ìwé máa gbà lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n ti ro oúnjẹ ọdún kan mọ́ ọn, wọ́n ro ìwé kíkà mọ́ ọn, owó bọ́ọ̀sì, títí kan ọṣẹ. Ọṣẹ! Èmi tí mò ń gbé lórí ilé ìfọṣọ. Owó tí ilé-ìwé fúnra ẹ̀ ń béèrè kò tó ìdajì.

Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n kọ “Ìrànlọ́wọ́” sí, nǹkan mẹ́ta sì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bùn, ìyẹn kò ní padà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìkejì ni iṣẹ́, kí n máa to ìwé sórí pẹpẹ ní láíbìrì fún wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kí wọ́n máa yọ owó ẹ̀ kúrò lára owó ilé-ìwé. Ìkẹta ni ẹ̀yáwó, tó máa bá mi dé ilé ọkọ, tó ṣeé ṣe kó bá mi tọ́ ọmọ. Gbogbo wọn ni wọ́n tò pọ̀ bí ọmọ ìyá kan náà. Tí kì í bá ṣe pé mo ń bínú, tí mo sì ń wá ohun tí màá tún bínú sí, mi ò bá má rí ìlà wẹ́wẹ́ tó sọ pé èèyàn lè gba èyí tó wù ú kó fi ìyókù sílẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀bùn àti iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó ilé-ìwé tán, màmá mi sì lè gbé èyí tó kù.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló wá bí wàhálà. “Owó ìdádúró yàrá.” Kí n san án kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè fi yàrá pa mọ́ dè mí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di ti ẹni tó kàn. Bọ́ọ̀sì láti ilé wa dé ilé-ìwé yẹn, wákàtí mẹ́ta ni, àlọ nìkan. Tí kò bá sí yàrá, kò sí ilé-ìwé. Owó náà sì tó ohun tí màmá mi ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ fún.

Ọjọ́rú tó kọjá ni mo tó sọ fún màmá mi. Wọ́n ń lọ aṣọ, irin ń hó yèè, wọn ò gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ mi lọ. Bí bàbá mi ṣe wọlé báyìí, màmá mi ní, “Ẹ gbọ́, ilé-ìwé fẹ́ dá ọmọ yín dúró o! Wọ́n ń gbowó ìdádúró.”

O mọ bàbá mi. O mọ̀ pé ọdún méjì rèé tí ilé-iṣẹ́ onígò dá àwọn àti ọgọ́ta èèyàn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, tí awakọ̀ bá ní “ẹ jẹ́ kí n dúró,” ojú bàbá mi máa ń yí padà ni. Wọ́n ju àga tí wọ́n ń tún ṣe sílẹ̀. “Kò tíì wọlé, wọ́n ti fẹ́ dá a dúró? Kí ló ṣe fún wọn?”

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tán an. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bàbá mi ti ya ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi láti fi wọn ẹsẹ̀ àga, mo sì ti búra pé mi ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ máa fi parí. Mo dákẹ́. Ìwọ nìkan ni mo sọ èyí fún o.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó jí, bàbá mi ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi ya fọ́tò káàdì iṣẹ́ nígbà yẹn, wọ́n ti mú lẹ́tà náà, wọ́n sì ti bọ́ sí bọ́ọ̀sì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń pín yàrá ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, ìyá kan tó so gíláàsì mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn bàtà. Ìyá Onígíláàsì wo lẹ́tà, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀, sà. Yàrá kẹtàdínlógún ni. Ṣé ká dá a dúró?”

“Háà! Ẹ má dá a dúró o! Mo bẹ̀ yín, mo fi ọlá ìyá yín bẹ̀ yín.”

“Ẹ ò fẹ́ ká dá a dúró rárá?”

“Rárá! Ẹ wò ó, wọ́n dá èmi náà dúró rí. Ọdún méjì rèé, mi ò tíì bọ́ nínú ẹ̀.”

Ìyá Onígíláàsì ní àwọn rò pé yàrá kan ló fìyà jẹ bàbá mi nígbà kan rí. Wọ́n ní, “Ó dáa, sà. Ẹ fọwọ́ síbí.”

Bàbá mi ń súfèé bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. “Mo ti yanjú ẹ̀! Wọn ò ní dá a dúró mọ́! Ìyá yẹn mà lọ́wọ̀ o, mi ò tíì bẹ̀ wọ́n dé ibì kankan tí wọ́n fi gbà.” Màmá mi gbé irin sílẹ̀, wọ́n jó yí tábìlì ká. Bàbá mi na ìwé kékeré kan sí mi bí ẹni ń fúnni ní ife-ẹ̀yẹ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: “Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò fẹ́ yàrá.”

Mo pariwo. Mo ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n ti ṣàlàyé lọ́jọ́rú, mo wá fi ọ̀kan lé e tí mi ò bá gé ahọ́n mi jẹ kí n tó sọ ọ́. Mo ní, “Abájọ tí ilé-iṣẹ́ fi dá yín dúró!”

Màmá mi gbọ́wọ́ sókè, wọn ò gbá mi. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi. Bàbá mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì padà sídìí àga wọn.

Àná wá ni ọjọ́ Ẹtì. Mo dé ibùdókọ̀, bàbá mi ti wà níbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì kan náà. Wọ́n san owó ọkọ̀ mi. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, a ti wà lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń pín yàrá.

Ìyá Onígíláàsì ní àwọn ò tíì fún ẹlòmíì, àmọ́ tó bá di aago mẹ́rin, àwọn máa pa ìwé dé. O mọ̀ mí, tí tíṣà bá bi mí ní ìbéèrè, ikọ́ ni mo máa ń hú. Lánàá, mi ò húkọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹni tí kò lówó ìdádúró lọ́wọ́, ṣé kò sí ọ̀nà míì fún un?”

Wọ́n wò mí lókè gíláàsì. “Ṣé wọ́n fún ẹ ní ẹ̀bùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ma.”

“Gba òǹtẹ̀ sí ìwé ẹ̀bùn náà lọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ lókè, a máa yọ owó yàrá látinú ẹ̀. O ò ní san nǹkan kan lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Níbo lo gbé ìwé ọ̀hún sí láti ọjọ́ yìí?”

“Abẹ́ fóòmù, ma.”

Èèyàn méjìdínlógójì ló wà lórí ìlà lókè, aago méjì sì ti kọjá. Wọ́n tún ní kí n lọ ṣe ẹ̀dà ìwé owó oṣù màmá mi ní òdìkejì títì. Mo dojú kọ bàbá mi. Mo ní, “Bàámi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá...”

Wọ́n ní, “Ìwé tí wọ́n ní kó o ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ńkọ́? Sáré! Mo wà lórí ìlà fún ẹ.”

Ìlà gígùn wà níbẹ̀ náà; nígbà tí mo padà dé, èèyàn mẹ́ta ló kù níwájú bàbá mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ já wọ àárín, bàbá mi ti fi ìgbọ̀nwọ́ dí i. “Ọmọ mi ló ni ibi tí mo dúró sí yìí. Lọ bí tìẹ, kóun náà wá dúró!” Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Mo bẹ bàbá mi níbẹ̀, létí, wéré. Wọ́n kàn fọwọ́ tún kọ́là mi ṣe.

Arákùnrin ojú fèrèsé ní, “Ẹ̀bùn ńkọ́?” Mo ní mo gbà á. “Iṣẹ́ ńkọ́?” Mo gbà á. “Ẹ̀yáwó ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ bá mi gbé e pa mọ́, sà. Mi ò nílò ẹ̀.” Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Òǹtẹ̀ balẹ̀, gbà!

Ìkejì mi, a sáré! Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án la dé ìsàlẹ̀. Ìyá Onígíláàsì ti mú ìdérí bíírò lọ́wọ́. Wọ́n wo òǹtẹ̀ mi, wọ́n wá bojú wo bàbá mi, ẹ̀rín ti kún wọn lẹ́nu. “Sà, ṣé ká dá a dúró?”

Bàbá mi nu òógùn ojú. “Ẹ dá a dúró, ma! Ẹ dá a dúró gbọin! Ẹ kàn án níṣòó mọ́lẹ̀!”

Wọ́n ní ká lọ wò ó kí ọkọ̀ wa tó dé. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ṣí i fún wa. Ògiri funfun, tábìlì kan, bẹ́ẹ̀dì onírin kan, fóòmù tí ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ dán nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀dì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kùn pé ẹni tó de ìkẹta kò mọṣẹ́. Mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. O mọ̀ pé mẹ́ta la máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan nílé. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì tán pátápátá. Kò kan ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí màmá yín àti orúnkún wọn. Sọ fún àbúrò rẹ pé mo ní kó fi pẹ́ńsùlù kan sílẹ̀ fún ẹ, wàá lò ó láti fi fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́. Bàbá mi ní kí n kí ẹ, wọ́n sì ní tí tìẹ bá dé, àwọn ṣe tán láti bá ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Dákun, kọ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èmi ni ìkejì rẹ, tí inú ń dùn bí ẹni máa fò,

Oníyàrá Kẹtàdínlógún.