Alhaja Ambiah, Ọwọ́ Tó Mọ Ọmọ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Ọdún 1938 ni wọ́n bí Màmá wa, Alhaja Ambiah, sí abúlé Binuang, nítòsí ihò àpáta ńlá àwa ará Idahan ní Sabah. Tarip ọmọ Gurau ni bàbá wọn, Simah sì ni ìyá wọn. Ìran Gurau ló ni àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ìtẹ́ wọn funfun nínú ihò náà. Ìran Ulai ló ni àwọn tí ìtẹ́ wọn dúdú. Bẹ́ẹ̀ làwọn baba ńlá wa pín in, nítorí owó ńlá ni ìtẹ́ náà: itọ́ ẹyẹ ni, wọ́n ń rà á láti fi se ọbẹ̀.

Màmá kéwú lọ́dọ̀ ààfáà abúlé, ṣùgbọ́n ká má purọ́, inú ihò ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bàbá wọn kò bí ọkùnrin, nítorí náà àwọn ló ń gun àkàbà pànkẹ́rẹ́. Nínú òkùnkùn ibẹ̀, gbogbo ẹyẹ ló jọra. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ ni Màmá máa ń fọwọ́ tọ́: ti ìtẹ́ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan lára, ti ìtẹ́ dúdú, ìyẹ́ bò ó dé ọmọ ìka.

Ní 1957, àwọn ẹyẹ tẹ̀dó sí kọ̀rọ̀ tuntun kan lókè ihò. Kí àwọn àgbà tó débẹ̀, olè ti ká gbogbo ìtẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ẹyẹ tó ti ń hu ìyẹ́ nìkan ló kù, wọ́n rọ̀ mọ́ ògiri gbagidi. Tarip ní tòun ni, olórí ìran Ulai, tí à ń fi orúkọ ìran náà pè, ní tòun ni, àdá sì ti fẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ Jaman, ọmọ Ulai, ni Màmá fẹ́ fẹ́!

Tarip ní, “Ambiah, gòkè lọ wò ó. Rántí ọmọ ẹni tí o jẹ́ o!”

Ulai bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá wo ológbò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹja!”

Màmá gòkè. Nígbà tó yá, ohùn wọn dún láti òkè: “Bàbá, ẹ má bínú. Ti Bàbá Ulai ni!”

“Ambiah! Tún un fọwọ́ tọ́!”

“Mo ti tọ́ gbogbo wọn tán, Bàbá. Irun ẹsẹ̀ wọn ju tiyín lọ!”

Ẹ̀rín sọ nínú ihò, ṣùgbọ́n Tarip kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nítorí ọkùnrin lọmọ òun ṣe ta òun, kò sì bá Màmá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dun Màmá wọra. Ìgbà tí àwọn ẹyẹ tún ìtẹ́ kọ́ síbẹ̀, dúdú kirikiri ni! Tarip wò ó títí, ó ní, “Ọmọ yìí ò gbà fún mi rárá,” ló bá fẹ̀rín sí i. Ulai fúnra rẹ̀ ló wá tọrọ ìyàwó: “Ẹni tí kò lè purọ́ gbe bàbá ẹ̀, ilé mi ni kó máa bọ̀.” Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1958.

Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Màmá ni gbogbo ìjà ẹyẹ ń wá parí sí. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 1994. Ojú wọn fọ́ lọ́jọ́ ogbó, ọwọ́ wọn kò fọ́. Bàbá Jaman ti ṣáájú wọn lọ. Wọ́n fi Mastor, Rosnih àti Saidah sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, tí Haliza jẹ́ àgbà wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Haliza gbé ọmọ ẹyẹ kan tó já bọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. Màmá fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, inú wọn dùn bí ọmọdé. “Ará ilé ọkọ mi nìyí! Ẹ tètè gbé e padà, wọ́n ń wá a.” Haliza gbé e padà sókè. Kó tó dé, Màmá ti lọ.

Màmá wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ni ín, àwọn tó ni yín ti ń dúró dè yín. Kí Ọlọ́run gbé yín délé. Ẹ sùn ire.