Abẹ Onírin àti Ìbòjú Èéfín

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Ọ̀gá Fèrè pè mí sí yàrá rẹ̀ ní kùtù. (Fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àfi bó bá ń sùn, bóyá.) Ó wo àgbọ̀n mi bí ẹni ń wo ilé tó fẹ́ wó. Ó ní ṣé mo fẹ́ di wòlíì ni. Mo ní rárá o, sà, ọrùn ló ń dùn mí — gbogbo ìgbà tí mo bá ti fá irùngbọ̀n ni ìrorẹ́ máa ń yọ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń ṣọyún. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n èéfín kò mọ ìyẹn. Ìbòjú tí àwa panápaná fi ń mí nínú iná gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ típẹ́típẹ́. Irun díẹ̀ báyìí, èéfín ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Ìdánwò ìbòjú di Ọjọ́ Ẹtì, 21. Ẹni tí tirẹ̀ bá jò, ó kúrò nínú àwọn tó ń wọ inú iná, ó di ẹni tó ń gbé tẹlifóònù.

Tẹlifóònù! Èmi! N kò gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Dókítà awọ ara. Obìnrin jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ní irun mi ló ká kò: bí mo bá ti gé e kúrú jù, á yí po, á hù padà wọnú ẹran. Abẹ onírọ́bà tí mo ń lò, bíléèdì márùn-ún ló ní. Ń ṣe ló ń fa irun jáde kó tó gé e. Oògùn rẹ̀? Kí n má fá a mọ́. Iṣẹ́ mi ńkọ́? Ó ní bóyá kí n wá òmíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ — ó dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo kàn bi í bóyá bíléèdì kan ṣoṣo á sàn ju márùn-ún lọ. Ó ronú. Ó ní ó lè sàn.

Ìyẹn tó mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Mo ti rà á. Abẹ onírin, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń lò: orí rẹ̀ ń ṣí, bíléèdì pẹlẹbẹ kan ń wọ àárín, èèyàn á wá yí ìdí rẹ̀ kó lè le. Ó wúwo lọ́wọ́. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ mọ́ ọn. Òǹtajà ní ṣé bàbá mi ni mo ń rà á fún. Mo ní ara mi ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà

Ẹ̀jẹ̀. Lágbọ̀n, lọ́rùn, lábẹ́ imú. Olóòótọ́ yọjú sí balùwẹ̀. (Ìyàwó mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, irọ́ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀, kódà níbi tí irọ́ kékeré ì bá ti tù mí nínú.) Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé irùngbọ̀n lẹ̀ ń fá ni, àbí ìdí ìkòkò lẹ̀ ń ha?" Inú bí mi. Òótọ́ ló sọ ṣá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Ó ń ta mí bí ata. N kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹfà

Mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Iṣẹ́ wa ló ba ọwọ́ mi jẹ́. Ilẹ̀kùn tó bá há, a ó fi ara tì í. Àjà tó bá gbóná, a ó fi ìkọ́ fà á ya. Kò sí ohun tí a kì í fi agbára ṣe ní ibùdó, títí kan tíì pípò. Bí àáké ni mo ṣe di abẹ náà mú! Olóòótọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì gbé e, ó gbé e lé apá ara rẹ̀, ó jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ó wúwo tó, kí n má bá a tì í. Ó wá fi òwe lé e: ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, àṣé ojú mi ló ń bá wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹfà

Fífá kejì. Omi gbígbóná lákọ̀ọ́kọ́, kí irun lè rọ̀. Ọṣẹ tó hó dáadáa. Ìka méjì. Láti òkè wá sísàlẹ̀ nìkan, bí irun ṣe dorí kọ. Ẹ̀jẹ̀ — ojú kan péré. Ìrorẹ́ àtijọ́ ṣì wà, tuntun kò yọ.

Níbi iṣẹ́, Èjìká fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jẹun tán. Òun la jọ ń wọ inú iná. Èjìká mi ló máa ń dì mú nínú èéfín. N kì í rí i, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ pé ó wà. Ó ní bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, láìpẹ́ mo máa fi ẹyin iná lọ aṣọ, ilé mi á sì jóná, wọ́n á tún pe àwa náà. Mo ní ojú tirẹ̀ ńkọ́? Ó ní ojú òun kò níṣòro kankan.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà

Ọ̀gá Fèrè fọn wá jọ sí àgbàlá. Ó ti gbọ́ pé ní ibùdó mìíràn, àwọn kan ń fi ìpara kun àgbọ̀n bámúbámú kí ìbòjú lè lẹ̀ mọ́ irun. Ẹ̀rọ ìdánwò kò mọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀, iná mọ̀, ó ní. Ìpara á yọ́ nínú ooru, ibi tó wà á di ihò, ẹni náà á fa èéfín símú, ẹni tí wọ́n jọ wọlé á tún padà lọ fà á jáde. Òkú méjì, nítorí ìpara.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹfà

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ojú mi ti ń gún régé, mo bá ní kí n tún fá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó lè jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó jọ̀lọ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọrùn mi ti wú. Mo bú ara mi, mo bú bíléèdì. Ọmọ mi obìnrin ní ọrùn mi dà bí ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ìyẹ́ rẹ̀. Olóòótọ́ ló bí i lóòótọ́.

N kò ní padà sí abẹ onírọ́bà. N kò sì ní gbé tẹlifóònù.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹfà

Ó ti ń rọlẹ̀. Òkè wá sísàlẹ̀, kò sí ohun mìíràn.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹfà

Mo fọwọ́ pa ọrùn mi lójú ọ̀nà, mo tún fọwọ́ pa á. Ibi tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Inú mi dùn débi pé mo kí ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹfà

Ìdánwò. Mo fá a láàárọ̀, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìbòjú lẹ̀ mọ́ mi. Mo mi orí sọ́tùn-ún sósì, mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ sókè bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ẹ̀rọ ní kò jò. Ọ̀gá Fèrè tiẹ̀ fọn fèrè díẹ̀. Ayọ̀ mi kún.

Èjìká ló kàn. Mo dúró tì í kí n lè pàtẹ́wọ́ fún un. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀, àgbọ̀n náà ń kọ mànà — ìpara. Lábẹ́ ìpara, irun kéékèèké, àti ìrorẹ́, irú tèmi gan-an, ó tiẹ̀ le ju tèmi lọ. Ó rí i pé mo rí i. Ó fi ojú bẹ̀ mí. Ẹ̀rọ ní kò jò.

Ọ̀gá ti ń fi àmì sí orúkọ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, a jọ máa wọlé. Bí mo bá dákẹ́, a jọ máa wọlé — ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó bọ́jú kó tún un ṣe."

Ó bọ́jú. Ó jò. Ọ̀gá ní kó lọ jókòó ti tẹlifóònù títí di Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kó wá tún ìdánwò ṣe. Bó bá jò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ti tẹlifóònù pátápátá. Èjìká gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹfà

Olóòótọ́ ní mo ṣe dáadáa. N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀ ní balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹfà

Wọ́n pè wá lọ́sàn-án, èéfín ní ilé ìfọṣọ kan. Ohùn Èjìká ló júwe ibẹ̀ fún wa lórí rédíò, ó tutù bí irin. Ẹlòmíràn ló di èjìká mi mú. Ó dì í mú jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹfà

Mo kí i. Kò jẹ́ mi.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹfà

Ìsinmi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn. Èjìká ni, aṣọ ìnura lọ́rùn. Olóòótọ́ kí i káàbọ̀, ó sì fa ọmọ wọ yàrá. Èjìká kò jókòó. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń fi ìpara ṣe é, nítorí ojú òun kò gba abẹ mọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá wọlé, ìpara yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba òun, kì í ṣe iná. Ó ní inú ṣì ń bí òun sí mi o. Mo ní kó máa bí i. Ó ní, "Abẹ ọ̀hún dà?"

Mo gbé àga síwájú dígí. Mo fi aṣọ gbígbóná bo àgbọ̀n rẹ̀, mo po ọṣẹ, mo fi bíléèdì tuntun sí i. Ó di àga mú gírígírí, ọkùnrin tó ń wọ inú iná! Ó dijú, ó ní, "Bó o bá fi gé mi lọ́rùn, mo máa pariwo débi tí panápaná á fi dé." Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán ná, a kì í fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n gbé abẹ. Òun náà bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ ọn lójú, mo ní láti po òmíràn.

Mo fi ìka méjì gbé abẹ. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fi ọrùn sílẹ̀ fún mi.