Ìṣísẹ̀ Tí Mo Bá Ọ Rìn Lórí Ìjókòó

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara ti balẹ̀? Ṣé èémí ń lọ, tó sì ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè yàrá tí ò ń gbé àti ẹni tí ẹ jọ ń gbé e, ṣùgbọ́n èémí rẹ ló jẹ mí lógún. Ọlọ́run tó fi í sí imú rẹ lọ́jọ́ tí mo bí ọ kò ní gbà á padà lójú mi. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá dúró sí, ìwọ náà yóò dúró níbẹ̀, bí ó bá sì rẹ̀ ọ́, wàá rí àga jókòó. Àmín.

Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, eyín tó ń dùn ún ti jábọ́ fúnra rẹ̀, kò ná wa ní nǹkan kan. Òrùlé ṣì ń jò níbi tó ti ń jò. Àbúrò rẹ obìnrin ti ń rán aṣọ tó gún báyìí, kò rán àpò ṣòkòtò mọ́ ẹ̀yìn orúnkún mọ́. Má wo ìkọ̀wé mi o, o mọ̀ pé nọ́ńbà ìbàdí àti àyà ènìyàn ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ jù. Mi ò fẹ́ pè ọ́ nítorí pé ojú ń tì mí, fóònù kì í sì í dúró kí ènìyàn sunkún tán kó tó sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní inú fóònù rẹ lòun ti rí nọ́ńbà mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o ti jí, o ti mu omi, dókítà ti yẹ̀ ọ́ wò, kò sì rí ohun tó ṣe ọ́ ju pé eré sísá kò mọ́ ọ lára. Ó ní ọ́fíìsì yín àti ọ́fíìsì mìíràn ló jọ sá eré ìje, ìwọ ni wọ́n sì fi síwájú, nítorí pé aago ọwọ́ rẹ ló ní ìṣísẹ̀ tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo yín fún oṣù méjì gbáko. O sáré dé kọ́nà kejì, o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òòyì gbé ọ. Ọmọ mi, nígbà tó sọ̀rọ̀ débẹ̀, abẹ́rẹ́ wọ̀ mí lábẹ́ èékánná, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo ṣe é. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a, tèmi kò sì lọ tó ọgọ́rin ọjọ́ tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ, èyí tó fúyẹ́ ni màá kọ́kọ́ sọ.

O rántí pé ìwọ lo wá bá mi kó ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí Ìyá Onílé fi ìsàlẹ̀ fún onígbàjámọ̀, tó sì ní kí èmi gòkè lọ. O bọ́ aago sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, o sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. O pè mí lórí fóònù, o ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, pé aago ọ́fíìsì ni, wọ́n pín in fún gbogbo yín kí ẹ lè máa rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó sì ń gba inú afẹ́fẹ́ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sára ògiri ọ́fíìsì yín níbi tí tẹrú-tọmọ ti ń rí i. O ní ẹgbàárùn-ún lójúmọ́ ni dókítà fẹ́, tìrẹ kì í pé ẹgbàá, ìwọ lo wà nísàlẹ̀ pátápátá. O fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ronú sí i. Mo ní bí owó bá lè kúrò nínú fóònù rẹ kó wọ inú fóònù mi, tí mo sì fi ra òwú, tí òwú náà kì í já, kí ló dé tí ìrìn kò fi ní gba ọ̀nà kan náà? Orúkọ rẹ ló wà nínú aago. Ohun tí wọ́n bá fi sínú àpò ẹni, ẹni ló ni ín.

Mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, mo fi lọ ra bọ́tìnnì, kò ka nǹkan gidi. Mo wá rí i pé èmi aránṣọ, ọwọ́ mi kọ́ ló ń rìn, ẹsẹ̀ mi ni. Mo bá dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí mo fi ń tẹ pẹ́dà màṣíìnì. Kí n tó rán ṣòkòtò kan tán, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni okun ń gbà jáde lára mi, nítorí náà mò ń jẹun yó dáadáa kí èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ má baà jẹ́ okun ẹni tí ebi ń pa. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, aago a gbọ̀n, èmi a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ló ń bá mi fún un ní iná jẹ.

Ọmọ mi, mo rin ìrìn! Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí aṣọ ẹnikẹ́ni nílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní kí n rán ẹ̀wù fún Sátidé, Ọjọ́rú ni mo gbé e lé e lọ́wọ́, ó wò mí títí, ó ní ṣé kò sí o, ṣé mo fẹ́ kó kúrò níbí ni. Òmíràn gbé tirẹ̀ délé, ó tún padà wá bi mí bóyá aṣọ ẹlòmíì ni mo gbé fún òun, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń gbé aṣọ fún télọ̀, òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Télọ̀ òdì kejì títì kò kí mi mọ́, ó ní mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí aṣọ tán, mo yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, mò ń tẹ màṣíìnì lófo. Bàbá rẹ bi mí pé kí ni mò ń rán, mo ní ọmọ wa ni.

Ìgbà kan wà tí o bi mí lórí fóònù pé ta ló wọ aago náà, mo ní ó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi, pé mò ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. O rẹ́rìn-ín, o ní ẹnì kan ń pè ọ́. Ẹ̀rín náà lágbára, mo sọ fún bàbá rẹ pé ìrìn náà ti ń wọ̀ ọ́ lára. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọ lọ́fíìsì, tí ojú sì ń tì ọ́ láti sọ pé ìwọ kọ́. Obìnrin tó pè mí yẹn ló là mí lóye pé ìrìn ẹnì kan kì í wọ ara ẹnì kejì, ó ní nọ́ńbà nìkan ló ń lọ. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ fún oṣù méjì, ara mi ló wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wá tóbi ju tòsì lọ.

Èyí tó wúwo ló kù.

Ọjọ́ tí a ń kó ṣọ́ọ̀bù yẹn, àtẹ̀gùn méjìlá péré ló wà níwájú wa. Èmi di orí màṣíìnì mú, ìwọ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ni, mo mọ̀ pé kì í ṣe kékeré. Ní àtẹ̀gùn kẹrin o gbé e kalẹ̀, o jókòó, ò ń mí bí ẹwìrì. Ìyá Onílé, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó sì bá mi gbé e dókè. Àwọn tó ń gẹ irun nísàlẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ì bá là kí n kó sínú rẹ̀. Ìyá Onílé nawọ́ sí ọ, ó ní ọmọ ta ni géńdé tó ń mí báyìí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ẹnu mi sọ pé kọ́sítọ́mà mi ni, pé ṣòkòtò rẹ̀ ló wá gbà.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi ò tilẹ̀ wá ọmọ ẹlòmíràn lọ, mo kàn tú ìlẹ̀kẹ̀ tìrẹ dà sápò ni. O sì gbọ́. Àtẹ̀gùn mẹ́jọ ló wà láàárín wa. O gbójú sókè, o wò mí, o dìde, o ní ẹ ṣeun mà, o ní ṣòkòtò náà bá ọ mu dáadáa. O sọ ọ́ sókè kí Ìyá Onílé lè gbọ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ ọ, ìwọ lo tún bò mí láṣìírí. O wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ, o ò padà wá mú aago. Ìgbà tí mo rí i lórí tábìlì ni mo mọ ìdí tí o fi gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀, tí mò ń tẹ̀. Ìtìjú ló ń wa màṣíìnì yẹn.

Obìnrin yẹn ní nígbà tí ojú rẹ là, wọ́n bi ọ́ pé báwo lo ṣe ń rìn tó bẹ́ẹ̀ tí o kò lè sáré, o sì dáhùn pé ìyá rẹ ló ń bá ọ rìn ín. Wọ́n rò pé òòyì yẹn ni kò tíì dá lójú rẹ. Ni ó bá bi mí pé ṣé ìyá rẹ ni mí lóòótọ́, tàbí ẹni tó kàn mọ̀ ọ́. Mo ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni! Mo pariwo rẹ̀ débi pé onígbàjámọ̀ dáwọ́ dúró nísàlẹ̀. Mo ní èmi ni mo bí i, àkọ́bí mi ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ìyá Onílé, mo kúnlẹ̀, mo ní kọ́sítọ́mà ọjọ́sí, ọmọ mi ni. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, pé iwájú orí kan náà la jọ ní, àti pé òun ò rí télọ̀ tó ń dúró lójú fèrèsé sunkún nítorí kọ́sítọ́mà rí. Ó ní òun kàn ń retí ọjọ́ tí màá sọ ọ́ ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó wàyí. Bẹ́líìtì awọ màṣíìnì ti já, ìrìn rẹ ló sì já a, nítorí náà ìwọ ni wàá ra òmíràn. Fi owó òróró màṣíìnì sí i, àti ti òwú dúdú. Owó ọkọ̀ tìrẹ, má fi ránṣẹ́, òun ni kí o fi wálé. Bí o bá dé, a ó jọ máa gun àtẹ̀gùn yẹn láràárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ àti ẹsẹ̀ mi, láìsí aago. Bí ó bá rẹ̀ ọ́ ní ìkẹrin, a ó jọ jókòó ní ìkẹrin. Ẹni tó bá ń kọjá tó béèrè ọmọ ẹni tí o jẹ́, èmi ni màá dá a lóhùn. Mo ti nu aago náà, ó wà nínú ẹrù yìí, sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀, ọkàn rẹ kò ní já, wàá pẹ́ láyé jù mí lọ, wàá sì gun òkè ju èyí lọ.

Mo fi aago náà wé inú ṣòkòtò kan. Ìwọ ni mo rán an fún, nítorí pé lọ́jọ́ àtẹ̀gùn yẹn kò sí ṣòkòtò kankan. Mo fi òwú pupa kọ ọ́ sínú ìbàdí rẹ̀ pé ọmọ mi ló ni ín. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà wọ̀ ọ́ wò dáadáa. Bí kò bá bá ọ mu, jọ̀ọ́ ọmọ mi, má tún sọ fún mi pé ó bá ọ mu.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ.