Ta Ló Bá Ìyàwó Mi Wọn Wágọ́nù Yẹn?

Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ìyàwó mi ń tàn mí, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀... ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá kí orí mi tó dàrú.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, technical drawing ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ọmọ Oǹdó ni, ó lọ sí Ireland nígbà tí owó oṣù wa ò ra àpò ìrẹsì kan mọ́. Àdéhùn wa ni pé òun á ṣáájú, èmi àti ọmọbìnrin wa á tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ló ti fi fọ́tò ọkọ̀ reluwé àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, torí ó mọ̀ pé mo máa ń fi páálí ṣe mọ́tò kéékèèké fún ọmọ wa. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o... bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Reluwé ò dé Àkúrẹ́ rí, àmọ́ mo di ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe kan pákó wágọ́nù Ireland, ìyẹn ọkọ̀ ẹrù tí reluwé ń fà, kiri orí internet, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé òrùlé, ọwọ́ mi ni mo fi ń gé gbogbo ẹ̀ ní kékeré lára páálí. Tí mo bá ń gé páálí yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ìyàwó mi wà nítòsí.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni wágọ́nù tí wọ́n fi ń kó màlúù láyé àtijọ́, àárín òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí wọ́n lè rí atẹ́gùn. Mi ò rí ìwọ̀n rẹ̀ níbì kankan. Ìyàwó mi wá ní òun rí ògbólógbòó kan lóko àgbẹ̀ kan nítòsí ibi iṣẹ́ òun, adìyẹ ló ń sùn nínú rẹ̀ báyìí. Ó ní òun nìkan lòun lọ, òun fi ẹnu tépù ìwọ̀n kọ́ ìṣó, òun fà á dé ìpẹ̀kun kejì. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó!

Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sí fọ́tò tí kì í zoom. Mo ń ka pákó náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan... mo dé ìpẹ̀kun, mo rí ọwọ́ ọkùnrin tó di tépù mú. Mo ní bóyá àgbẹ̀ yẹn ni. Àmọ́ súwẹ́tà mi ló wọ̀! Ìyá mi ni wọ́n fọwọ́ ara wọn hun ún fún mi nítorí òtútù ibẹ̀, òwú aláwọ̀ ewé tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi pupa parí etí ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi gbé e lọ ṣáájú, ó ní tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ ní airport, òun á wọ̀ ọ́ fún mi. Ta ló wọ̀ ọ́ fún? Ta ni?

Mo gba Oǹdó lọ bá ìyá ìyàwó mi. Bí màmá ṣe rí mi ni omi bọ́ lójú wọn, àgbàlagbà tó tó bí mi wá kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fi ìbínú dí ọmọ mi lọ́nà. Mi ò sì tíì la ẹnu mi o! Mo gbé wọn dìde, àwa méjèèjì sunkún. Gbogbo wọn ti mọ̀, èmi nìkan ni mò ń gé páálí.

Ìwé físà tí ọmọ wa máa fi lọ sí Ireland ti fẹ́ jáde báyìí, tèmi ò sí níbẹ̀, ìyàwó mi ní ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ó ku kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà kó lọ. Tí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ súwẹ́tà, ó lè bínú da gbogbo ẹ̀ rú, ọmọ mi á sì bá mi jìyà níbí... Tí mo bá dákẹ́, ṣé ilé ọkùnrin yẹn ni mò ń rán an lọ? Ṣé á tún máa pè mí ní dádì? Mo ṣì fẹ́ràn ìyàwó mi, mi ò parọ́. Ó dùn mí wọ eegun.

Ọmọ náà ti dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Sunday School. Láàárọ̀ yìí ó bi mí pé ṣé ọjọ́ kan náà ni àwa méjèèjì máa wọ báàlù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ... ṣé kí n fọwọ́ sí i?