Fóònù Tó Ń Pe Ìrun Nílé Díákónì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwa wà láàyè, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń bá a jà. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń rìn gaara, ẹsẹ̀ tìrẹ náà kò ní kọ. Àmín.

Fóònù tí o fi rán awakọ̀ ti dé. O ní ti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ ni tẹ́lẹ̀, ẹni tí o kò tíì lè mú wálé nítorí pé ó ń kírun, tí ẹ̀rù sì ń bà ọ́ kí bàbá rẹ má kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n o kò sọ fún mi pé fóònù náà ń bá olówó rẹ̀ ṣẹ̀sìn o. Nídàájí ọjọ́ kejì, bàbá rẹ ń fi ohùn díákónì rẹ̀ lé Èṣù lọ lọ́wọ́ ni fóònù bá gbóhùn sókè lórí tábìlì, ó ń pe ìrun. Bàbá rẹ ní kí n fi ìrọ̀rí bò ó. Mo ní àlejò ni, a kì í fi ìrọ̀rí bo àlejò lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Mo tẹ́ aṣọ mímọ́ fún un lórí àpótí, mo sì máa ń bọ́ bàtà kí n tó gbé e. Lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ ṣú tí kò fọhùn mọ́, mo mọ̀ pé ààwẹ̀ ló ń gbà, n kò fún un ní iná rárá títí oòrùn fi wọ̀.

Bàbá rẹ fajú ro fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárọ̀ àná, orúkọ rẹ ló fi ń gbàdúrà nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀. Ó dánu dúró, ó ní ká jẹ́ kí ẹnì kejì sọ tirẹ̀ tán ná, bóyá ọmọ kan náà làwọn jọ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Orí eékún ló wà títí ó fi parí, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn. Omi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn àmín ó béèrè ẹni tó ni fóònù gan-an. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó wá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, pé ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í pa àdúrà jẹ kò ní fi ọmọ òun ṣeré. Ó ní kí o mú u wá.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra kẹ́tù tuntun tí yóò fi ṣe àlùwàlá, kí o sì fi ti òògùn orúnkún sí i. Ọlọ́run tí ẹ̀yin méjèèjì ń ké pè yóò da yín lóhùn pọ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, bàbá rẹ wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń ti bẹ́ẹ̀dì kúrò níhà ìlà-oòrùn. Mo ní kó rọra, ó ní kí àna òun lè ráyè forí kanlẹ̀ ni.

Èmi ìyá rẹ.